Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kì í ṣe àbùkù pápá bàálù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. A ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ìjọ tó ń dá owó jọ láti fi ra bàálù fún àwọn míṣọ́nnárì tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè ní Papua New Guinea àti Lesotho. Ó dára bẹ́ẹ̀ tí ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí etígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn wa. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀ tí a kò lè fojú fò. Èkíní ni ohun tí ẹ kọ sábẹ́ àwòrán, pé òṣì ló jẹ́ kí pápá bàálù náà dà gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, pé wọn kò rí katakata tí yóò bá wọn tẹ́ ẹ. Èkejì ni pé bàálù tó tóbi jù èyí tí wọ́n ń lò lọ ni yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ bàálù kéékèèké ni àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ń ṣe, awakọ̀ wà nínú wa, mẹkáníìkì wà nínú wa, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ lè fi ojú inú rí i: Port Moresby tó jẹ́ olú-ìlú Papua New Guinea, kò sí títì tó so ó pọ̀ mọ́ Lae tàbí mọ́ àwọn ìlú orí òkè. Èdè tí wọ́n ń sọ lórílẹ̀-èdè náà lé ní 800, òkè àti àfonífojì ló sì pín ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ wọ́n níyà. Abúlé méjì lè máa wo èéfín ara wọn lójoojúmọ́, kí ó sì gba èèyàn ní odindi ọjọ́ kan láti sọ̀kalẹ̀ kí ó tún tó gòkè dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn 660 ti Òkè Ìdànrè rí, kí ó ro ti ẹni tó gbé àpò kọfí sẹ́yìn gun irú rẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàrin ọdún 1930 sí 1939, inú bàálù Junkers ti ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kó ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń wa góòlù ní Bulolo wọlé, ní ẹyọ-ẹyọ, tí wọ́n wá tò ó pọ̀ níbẹ̀. Ọdún 1945 ni Mission Aviation Fellowship, àjọ tó ń fi bàálù ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì, bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan, Betty Greene, ló sì wa bàálù wọn àkọ́kọ́, ó gbé àwọn atúmọ̀ Bíbélì lọ sí Mẹ́síkò ní 1946. Wọ́n dé Papua New Guinea ní 1951, wọ́n dé Lesotho ní 1980. Ní Papua New Guinea, “balus” ni wọ́n ń pe ọkọ̀ òfuurufú ní èdè Tok Pisin. Ó jọ bàálù tiwa létí, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá: orúkọ ẹyẹlé ni tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ pápá bàálù orí òkè ló jẹ́ ẹlẹ́nu kan. Ìsàlẹ̀ ni bàálù ń gbà wọlé, tí yóò máa gun òkè títí yóò fi dúró. Ìsàlẹ̀ yẹn kan náà ló ń gbà jáde, tí yóò sáré sọ̀kalẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tán lábẹ́ rẹ̀. Pápá tó bá dà gẹ̀rẹ́ ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ohun àrà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí èèyàn bá rin mítà 100 lórí rẹ̀, ó ti fi mítà 10 ga sí i. Òmíràn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ká ní bàálù fẹsẹ̀ balẹ̀ ní eré 60 nọ́ọ̀tì, nǹkan bíi kìlómítà 111 ní wákàtí kan. Orí koríko tútù ni, bíréèkì kò lè mú dáadáa, ẹ jẹ́ ká fún un ní agbára tó jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo bàálù náà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò lo nǹkan bíi mítà 325 kó tó dúró. Lórí òkè tó dà gẹ̀rẹ́ ní ìdá 10, òkè fúnra rẹ̀ yóò fi ìdá 10 ran bíréèkì lọ́wọ́, mítà 195 á sì tó. Mítà 130 ni òkè fi ta awakọ̀ lọ́rẹ. Bí ẹ bá gbé katakata lọ tẹ́ pápá náà, ẹ ti gba bíréèkì tó dára jù lọ lọ́wọ́ bàálù nìyẹn, níbi tí kò ti sí ilẹ̀ mìíràn tí ẹ lè fi gùn ún.

Nígbà tó bá sì ń jáde, òkè yẹn náà ni yóò tì í lẹ́yìn. Àmọ́ o, oore yìí ní gbèsè nínú. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nígbà tí bàálù ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ ní 60 nọ́ọ̀tì, bíréèkì onídàá 15 yẹn yóò máa bá òkè onídàá 10 du ú. Ìdá 5 péré ló kù láti dá a dúró, yóò sì gba nǹkan bíi mítà 970. Mélòó nínú àwọn pápá náà ló gùn tó ìdajì ìyẹn? Nítorí náà, kí awakọ̀ tó tú bíréèkì sílẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ mú ibì kan lójú, òkúta kan tàbí àmì funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí kò jìnnà rárá sí ibi tó ti gbéra. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ségesège kó tó débẹ̀, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sì dúró. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ó ń lọ nìyẹn.

Bíbọ̀ náà ní ibi tirẹ̀ tí kò sí àbọ̀ mọ́. Ògiri òkè ló sábà máa ń wà lẹ́yìn pápá, àfonífojì sì máa ń fún bí wọ́n ṣe ń wọ inú rẹ̀. Kí awakọ̀ tó dé ibi tí kò ti ní lè yí padà, eré rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé iye tó yẹ, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti rí pápá láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò gbọdọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀ lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ọmọdé. Bí ọ̀kan bá kù, yóò yà kúrò nígbà tí àyè ṣì wà. Ojú tún máa ń tan èèyàn níbẹ̀. Pápá tó dà gẹ̀rẹ́ sókè máa ń jẹ́ kó dà bíi pé bàálù ti ga jù, ẹni tí wọn kò bá kọ́ yóò wá máa rẹlẹ̀ sí i, yóò sì balẹ̀ sínú igbó kó tó dé ẹnu pápá. Bí ó bá sì ti balẹ̀ tán, kò gbọdọ̀ pa agbára ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìkẹjà. Ó gbọ́dọ̀ máa ti bàálù gòkè títí dé ibi pẹrẹsẹ tí wọ́n gbẹ́ sí òpin pápá lókè, kí ó sì yí i sí ìbú kí wọ́n tó dí táyà. Bàálù tó bá dúró sí agbedeméjì òkè lè má lè gbéra mọ́, ó sì lè yọ̀ padà sẹ́yìn kí ìrù rẹ̀ lọ gbá ilẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tún wà ńbẹ̀, ẹ kò sì mẹ́nu kàn án. Lesotho nìkan ni orílẹ̀-èdè tí kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí kò ga ju 1,000 mítà lọ. Pápá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Matekane, mítà 400 ni gígùn rẹ̀, ó ga ní nǹkan bíi 7,500 ẹsẹ̀ bàtà, etí ọ̀gbun ló sì parí sí. Bí àwọn awakọ̀ ṣe ń ṣírò rẹ̀ rèé: etí òkun ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀, dígíríì 15, tí yóò máa dín ní dígíríì 2 fún 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí Matekane wà ní òdo nígbà náà. Bí oòrùn bá wá mú kó di 25, dígíríì 25 ló fi lé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dà bíi 120 ẹsẹ̀ bàtà. Ó di 3,000. Bàálù tó dúró sórí ilẹ̀ 7,500 yóò máa ṣe bíi pé 10,500 ni òun wà. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 300, tí kò bá ní tọ́bò tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ sí i, kò ní ju bíi 210 lọ mọ́. Abẹ̀bẹ̀ iwájú kò rí afẹ́fẹ́ gbá mú, ìyẹ́ kò rí i gbára lé. Bàálù kan náà tó gbé èèyàn márùn-ún ní àárọ̀ kùtù lè má lè gbé ju méjì lọ ní ọ̀sán, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Aago ni ohun tó kàn. Ní orí òkè Papua New Guinea, òwúrọ̀ ló mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbóná, ìkúukùu á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara òkè, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, àwọn àlàfo tí bàálù ń gbà kọjá láàrin òkè méjì á ti dí. Awakọ̀ kì í gba àárín àfonífojì; ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò fà mọ́, kí gbogbo ìbú rẹ̀ lè jẹ́ tirẹ̀ tó bá fẹ́ yí padà. Bí ó bá sì fẹ́ ré kọjá góńgó òkè, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, kì í kọjú sí i tààrà, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn òkè lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè gbé e sókè lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbọ́dọ̀ wà láàrin dígíríì 2 sí 8, fífò kọ́ ló ń bà á jẹ́. Ìdúró ni, nígbà tí àpótí wà lórí ilẹ̀ tí yìnyín inú rẹ̀ ń yọ́, tí wọ́n ń wo ìkúukùu.

Ó wá kan bàálù ńlá. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ìyẹ́ bàálù kékeré Cessna 206 fẹ̀ tó mítà 11, ti Caravan tó tóbi jù ú lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16, ti Twin Otter tó tún tóbi ju ìyẹn lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Pápá tí wọ́n la fún 206 ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, igi kọfí àti ọgbà ọ̀dùnkún ti sún mọ́ ọn láti ọ̀tún àti òsì. Ẹni tó bá mú Twin Otter wá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa igi wọn, kò sì sí ẹni tí yóò gé kọfí tó ń so lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi ìyíkọ̀ lókè náà yóò fún, ilẹ̀ yóò sì rì. Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yín ṣá: epo bẹntiróò ti bàálù onípísítìnnì ti wọ́n, ó sì ṣòro rí ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà ọ̀pọ̀ àjọ ló ti ń sá lọ sídìí ẹ́ńjìnnì tọ́báìnì tó ń mu Jet A-1, mọ̀lẹ́bí kẹrosíìnì. Bàálù Kodiak tí wọ́n ṣe ní Idaho, ní Amẹ́ríkà, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀; bí ó bá kún dé 3,290 kílò, kò ju bíi mítà 285 lọ tí yóò fi gbéra ní etí òkun. Bàálù dáadáa ni. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó dáadáa ni pé wọ́n ṣe é fún pápá kúkúrú, kì í ṣe pé ó tóbi.

Òṣùwọ̀n ṣe pàtàkì ju títóbi lọ. Cessna 206 kò gbọdọ̀ kọjá 1,633 kílò nígbà tó bá ń gbéra. Bí òun fúnra rẹ̀ àti àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀ bá jẹ́ nǹkan bíi 1,000, tí awakọ̀ jẹ́ 85, tí epo lítà 150 jẹ́ 108 kílò, 440 ló kù fún èrò àti ẹrù, ìyẹn náà kí a tó ro ti gíga àti ooru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn gbogbo èèyàn, títí kan ìkókó ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, tí wọ́n tún ń wọn àpò ọwọ́. Ẹnìkan yóò gun òṣùwọ̀n tán, yóò lọ gba ọ̀dùnkún kílò 12 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Ẹni mẹ́rin bá ṣe bẹ́ẹ̀, kílò 48 ti wọlé láìsí nínú ìwé. Kò sí ọ̀nà míràn ju kí wọ́n fi okùn yí ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ká, kí ẹni tí wọ́n ti wọ̀n má lè jáde mọ́. Òṣùwọ̀n alápá-irin tí wọ́n ń gbé kọ́ igi náà máa ń purọ́ bí irin inú rẹ̀ bá ti dípẹtà. Kí wọ́n máa fi ohun tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò, bíi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bu lítà omi 20 sí, tó gbọ́dọ̀ fi 20 kílò ju ìgbà tó ṣófo lọ.

Ìlànà kan wà tí àwọn aláṣẹ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde fún bàálù kéékèèké, tí a fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń dáwó mọ̀. Bí ìwúwo bá fi ìdá 10 lé, ibi tí bàálù yóò sá kó tó gbéra yóò fi ìdá 20 gùn sí i. Bí koríko bá tutù, ó di ìdá 30. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ìdá 25, ó kéré tán. Wọn kì í ro wọ́n pọ̀ o, wọ́n ń fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ ni. Bàálù tí ìwé ní 300 mítà tó fún, tí ìwúwo yẹn, koríko tútù àti ilẹ̀ rírọ̀ bá pàdé lórí rẹ̀, ó ti di 585.

Ibi tí owó yẹ kó lọ jù nìyí, orí ilẹ̀. Pápá orí òkè kì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ń dí, koríko á hù sínú rẹ̀, omi òjò á wá máa gba àárín pápá kọjá, yóò gbẹ́ ojú ilẹ̀ bí ẹni fi ọkọ́ fà á. Pápá gbọ́dọ̀ yọ gẹ̀gẹ̀ díẹ̀ láàrin bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn gọ́tà, ipa ẹsẹ̀ ni. Ibi tí àwọn ará abúlé ń gbà kọjá lọ sí oko yóò jìn díẹ̀díẹ̀ títí táyà iwájú yóò fi wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn gba òpin pápá lókè, lẹ́yìn ibi ìyíkọ̀, kí wọ́n sì fi igi dí èyí tó gba àárín. Ẹlẹ́dẹ̀ ń tú ilẹ̀ lóru láti wá ekòló. Ògiri igi nìkan ló ń dá a lẹ́kun, kì í ṣe ìkìlọ̀. Ibi tí táyà kọ́kọ́ ń kàn nísàlẹ̀ àti ibi tí bàálù ti ń yí lókè ló máa ń bàjẹ́ jù. Lókè yẹn, abẹ̀bẹ̀ máa ń fa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ra. Òkúta á gé etí abẹ̀bẹ̀ bí eyín eku. Bí mẹkáníìkì kò bá fi fáìlì pa á kó dán lọ́jọ́ náà, ojú ọgbẹ́ náà lè là, ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ á sì já lójú òfuurufú.

Ilẹ̀ rírọ̀ ni kì í hàn sójú. Koríko á bò ó, yóò tutù yọ̀yọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an sì ni àmì rẹ̀. Kí ẹni tó ń tọ́jú pápá rìn ín láràárọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ní ipa táyà òsì, kí ó tún gba ti ọ̀tún padà, kí ó máa fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀. Ibi tí gìgísẹ̀ bá ti wọlé, kí ó fi ọ̀pá irin dán an wò, kí ó sì kéde rẹ̀ lórí rédíò tàbí fóònù kí bàálù tó gbéra. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń dáhùn pé pápá dára. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Pápá náà dára lójú ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó sì ń retí iyọ̀ àti oògùn láti ọjọ́ méje. Nítorí náà, kí wọ́n má bi í pé ṣé pápá dára. Kí wọ́n bi í pé koríko ga tó ibo lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi mélòó ló dúró, àmì funfun mélòó ló ṣì wà ní ìdúró. Ní Papua New Guinea, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Rural Airstrip Agency, títọ́jú pápá ìgbèríko nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìgékoríko, ṣọ́bìrì, owó iṣẹ́ àwọn ará abúlé: kò sí èyí tó ṣeé ya fọ́tò sí kàléńdà ìjọ nínú wọn.

Epo náà kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 tí wọ́n bá gbé nàró síta, omi òjò á dúró lórí rẹ̀. Bí òtútù òru bá mú, epo inú á sún kì, yóò sì fa omi gba ẹnu ìdérí wọlé, bó ti wù kí wọ́n fún un tó. Kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ìdùbúlẹ̀, kí ìdérí méjèèjì wà ní ọ̀tún àti òsì ní ìpele kan náà, kí epo lè bò wọ́n láti inú. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, kí wọ́n gbé e dúró ní òru ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n fi igi tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnu ọ̀pá ìfami má sì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n gba epo díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ sínú ife tó mọ́ gaara, kí wọ́n wò ó. Avgas 100LL, epo bàálù onípísítìnnì, àwọ̀ búlúù ni. Tó bá mọ́ bí omi láìní àwọ̀, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì náà.

Fún àwọn tó ń fi bàálù yìí gbé aláìsàn: ní 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ara á fẹ̀ ju ti orí ilẹ̀ lọ, bíi kí 10 di 14. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti lu, kí dókítà sọ fún awakọ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé, kí ó lè wá ọ̀nà tó rẹlẹ̀ láàrin òkè, tàbí kí ó dúró de ọjọ́ tí ojú ọ̀run máa gba ọ̀nà náà.

Àwọn ìjọ tó ń dáwó kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ sí pé ta ló ń rin pápá láràárọ̀, èló ni wọ́n ń san fún un, àti ìgbà wo ni wọ́n dán òṣùwọ̀n wò gbẹ̀yìn. Ní ti ẹ̀yin, bí ẹ bá tún máa lo àwòrán yẹn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yọ ọ̀rọ̀ òṣì kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé bàálù ń gun òkè kí ó lè dúró.

Àwa òṣìṣẹ́ bàálù kéékèèké,
Ìkẹjà, Èkó.